Ibo Ni Imú Ọkọ̀ Kọ Sí?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọkọ̀ Ìjàpá mi, Volkswagen àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀, lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ òní. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, á kọ̀ jálẹ̀ títí ohùn kíìkì sítátà á fi máa wọ́lẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni, epo kan náà, ọwọ́ kan náà ló sì ń yí kọ́kọ́rọ́. Ká ní ojoojúmọ́ ló ń kọ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá rọrùn, nítorí ohun tó ti bàjẹ́ pátá kì í ṣòro wá rí. Èyí tó ń bàjẹ́, tó tún ń dá ara rẹ̀ ṣe, ni kì í jẹ́ kéèyàn fojú ba oorun.

Mi ò ní jókòó ṣàlàyé ohun tí kábúrétọ̀ jẹ́ ju pé òun ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti bá bàbá yín ti Peugeot 504 rí, tàbí kí ẹ ti jókòó sẹ́yìn Ìjàpá lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó, ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ méjèèjì fi gba ìgboro wa kan. Ní 2003 ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Mẹ́síkò to Ìjàpá tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí iye èyí tí wọ́n ti tò káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù 21. Àwọn tó ṣẹ́kù ti dàgbà. Ẹni tó bá ń gun ọ̀kan lónìí, ìfẹ́ ló mú un gùn ún, mo sì wà lára wọn.

## Ohun tí a ti yẹ̀ wò

Kí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sítáàtì, iná gbọ́dọ̀ ta lásìkò tó yẹ, epo gbọ́dọ̀ dé, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé níwọ̀n, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ lè há afẹ́fẹ́ àti epo náà mọ́ra dáadáa kó tó gbiná. A ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Àlàfo pọ́ìntì inú dìsìtríbútọ̀ jẹ́ mìlímítà 0.4, bó ṣe yẹ kó rí. A wọn àlàfo fáàfù ní kùtù hàì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ó jẹ́ mìlímítà 0.15. (Ẹni tó bá ń wọn fáàfù Ìjàpá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, irọ́ ni òǹkà tó máa rí.) A tú púlọ́ọ̀gì, a fi ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí epo, a yí kíìkì, iná búlúù ta ketekete. Kóìlì, tó ń sọ iná bátìrì di alágbára fún púlọ́ọ̀gì, ò ní ẹ̀sùn, kọ́ńdẹ́ńsà ò ní ẹ̀sùn.

Gbogbo ojú wá kọ kábúrétọ̀. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n fi epo fọ̀ ọ́, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ihò àwọn jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó gbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú gbogbo wa dùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó tún kọ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ra kábúrétọ̀ tuntun. Ẹlòmíràn ní kóìlì ni, ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́: nígbà tí a ti yí kíìkì fún ìgbà pípẹ́ tí ọkọ̀ ò gbà, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó sì fi hàn wá pé iná tó ń ta níbẹ̀ ti pọ́n, kò lágbára mọ́.

Ẹ̀rí kóìlì yìí tó ohun tí à ń dúró lé lórí, nítorí òótọ́ ni ohun tó rí, àmọ́ ìdí rẹ̀ kọ́ ló mú. Nígbà tí kíìkì bá ń yí ẹ́ńjìnnì, bátìrì ló ń jẹ. Bó bá jẹ ẹ́ pẹ́, agbára bátìrì á wálẹ̀, èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ kóìlì á dínkù, iná púlọ́ọ̀gì á sì rẹ̀. Kíkọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ ló bí iná tó rẹ̀, kì í ṣe iná tó rẹ̀ ló bí kíkọ̀. Ẹni tó bá ra kóìlì tuntun sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Èyí tó tún burú jù ni pé tó bá fi bátìrì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ cháàjì sí i pẹ̀lú kóìlì tuntun náà, ọkọ̀ á gbà, gbogbo èèyàn á sì gbà pé kóìlì ló wò ó sàn.

## Ìbéèrè Bàbá Láfẹ́nwá

Bàbá àgbà kan wà ní Láfẹ́nwá, lápá ibi tí èèyàn ti ń gòkè bọ̀ láti afárá odò Ògùn. Iṣẹ́ Volkswagen ni wọ́n kọ́, òun náà ni wọ́n sì ṣe dàgbà. Ọmọ wọn ló ń ṣe iṣẹ́ nínú ọgbà náà báyìí, Corolla àti Camry ló sì kún ibẹ̀. Bàbá fúnra wọn kì í sábà fọwọ́ kan sípánà mọ́. Wọ́n á gbé àga síbi tí òjìji bá wà, wọ́n á máa wo ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣe.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo kí wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ohun gbogbo tí a ti pààrọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

"Bàbá Tóyìn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọjọ́ tó bá kọ̀, ibo ni imú ẹ̀ kọ sí mọ́jú?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ."

"Imú ọkọ̀ ni mò ń bi yín. Ṣé òkè ló kọ sí ni, àbí ìsàlẹ̀?"

Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ fàkókò ṣòfò. Ìlú orí òkúta ni ìlú wa. Láti Aké dé Ìtòkú, láti Ìjeùn dé Ìkìjà, ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tó èyí tí ọkọ̀ á dúró lé láìfi òkúta há a ní táyà kò pọ̀. Àwa tí a ní ọkọ̀ àtijọ́ sì ti sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ di olùrànlọ́wọ́ wa. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a ó kọ imú ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀, kó lè jẹ́ pé tí kíìkì bá jánni kulẹ̀ láàárọ̀, a ó tú họ́ńbúréèkì sílẹ̀, ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra rẹ̀, a ó fi jíà kejì sí i, a ó jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì á sì gbà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọdé tilẹ̀ máa ń dúró wò ó.

Mo dúró síwájú Bàbá, mo ń ro ó. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ̀ gbà kíá. Wọ́n ti ṣe ìsọmọlórúkọ ládùúgbò lọ́jọ́ tó ṣáájú, kánópì gba ibi tí mo máa ń gbé e sí, ìsàlẹ̀ ọ̀nà ni mo sì gbà wọlé. Imú rẹ̀ kọ sókè ni mo ṣe fi í sílẹ̀ sùn. Mo rántí òmíràn. Ilé àbúrò mi ní Ìta Òṣìn ni mo sùn mọ́jú, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Mo wá rántí àwọn àárọ̀ tó kọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí ìkankan nínú wọn tí imú kò kọ sí ìsàlẹ̀.

Ara mi bù máṣọ. Bàbá ti rí i lójú mi. Wọ́n ní, "Kábúrétọ̀ yín ò ṣe nǹkan kan. Epo ló ń padà sílé."

Wọn ò tíì ṣí ẹ́ńjìnnì wò. Wọn ò tíì dìde lórí àga pàápàá.

## Bí epo ṣe ń padà sílé

Níwájú ni tàǹkì epo Ìjàpá wà, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì wà. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba àárín ọkọ̀ kọjá láti ọ̀kan dé èkejì. Pọ́ǹpù tó ń fa epo náà kì í lo iná bátìrì. Ẹ́ńjìnnì ló ń tì í bó ṣe ń yí, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú yíyí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ẹ̀mejì. Awọ rọ́bà kan wà nínú pọ́ǹpù yìí, àwọn fáàfù kéékèèké sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí epo kọjá síwájú tí kì í jẹ́ kó padà.

Láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn Ìjàpá jẹ́ mítà 2.4. Ẹ jẹ́ ká mú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń ga ní mítà kan nínú mítà 8, irú èyí tí ará Abẹ́òkúta ò tilẹ̀ ní pè ní òkè. Lórí rẹ̀, ìpẹ̀kun kan ọkọ̀ á fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 ga ju ìpẹ̀kun kejì lọ. Tí imú bá wà nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà lókè nìyẹn, tàǹkì wà nísàlẹ̀. Tí fáàfù inú pọ́ǹpù bá ti gbó tí kò dì mọ́, tàbí tí rọ́bà epo tó so mọ́ ọn bá ti sán débi tí afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé, epo inú páìpù á rọra máa ṣàn padà sí tàǹkì lóru.

Ìyẹn nìkan ò tó láti dá ọkọ̀ dúró, nítorí epo díẹ̀ ṣì yẹ kó wà nínú agolo kékeré tó wà lára kábúrétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì lè fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára, kò ní rédíétọ̀. Tí ẹ bá ti pa á, fáànù dúró nìyẹn, ooru ara irin á sì gòkè lọ bá kábúrétọ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò ọ̀sán nínú oòrùn wa yìí, láti Kútọ̀ dé Ọbáńtokò nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, epo inú agolo á máa bá atẹ́gùn lọ. Bó ṣe ń lọ, fílótì tó léfòó lórí epo náà á máa wálẹ̀, níídù tó ń dí ọ̀nà á ṣí, afẹ́fẹ́ á sì tún rí ibòmíràn gbà wọ inú páìpù. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, agolo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, páìpù ti ṣófo. Kíìkì á wá máa ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: kó yí ẹ́ńjìnnì, kó sì fi pọ́ǹpù kékeré yẹn fa epo láti iwájú ọkọ̀ wá sẹ́yìn. Bátìrì tó le koko á gbé e débẹ̀. Èyí tí kò le á dákú sójú ọ̀nà.

Owó epo náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí lítà kan kò tíì tó 200 náírà, èèyàn lè kún tàǹkì kó má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìrànwọ́ owó epo kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, kí ọdún 2024 sì tó parí, lítà kan ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ìwọ̀nba ni a wá ń rà sínú ọkọ̀ tí kì í ṣe òun là ń gùn lójoojúmọ́. Bí epo inú tàǹkì ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà nínú páìpù ṣe máa ń yára padà sí. Ọkọ̀ tó ń gbà nígbà tí tàǹkì kún lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ nígbà tí owó bá dínkù, kó sì jẹ́ pé àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rójú ọ̀nà yọ.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí à ń fi gba ọkọ̀ là láàárọ̀ ló ń dá a dúró lóru. Ó ń ràn wá lọ́wọ́, ó sì ń bo ẹjọ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń yí wálẹ̀ lórí òkè kò nílò kí bátìrì lágbára, pọ́ǹpù rẹ̀ á sì ti fa epo dé kó tó dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó ń ṣe é.

## Àyẹ̀wò tí kò náni ní kọ́bọ̀

Kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ẹ ṣí ìdérí afẹ́fẹ́ kúrò lórí kábúrétọ̀. Ẹ fi ìka gbé abala ṣókù tó ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ wo inú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì alábátìrì (kì í ṣe ìṣáná, kì í ṣe fìtílà), kí ẹ fi ọwọ́ fa apá tọ́rọ́tù (irin tí ẹsẹ̀ ń fà tí a bá tẹ epo) lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu kékeré kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó tú epo jáde tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá tú u, epo wà nínú agolo, ẹ lọ wá ẹlẹ́ṣẹ̀ síbòmíràn: ṣókù tí kì í pa, iná tó rẹ̀, fáàfù ẹ́ńjìnnì tó há jù. Tí kò bá tú nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé agolo gbẹ, tàbí pé pọ́ǹpù kékeré tó ń tú epo yẹn ti kú. Ẹ fi kíìkì yí ẹ́ńjìnnì títí ọkọ̀ á fi gbà, ẹ pa á, ẹ tún un wò. Tó bá ti ń tú u báyìí, ẹ ti mọ̀ pé gbígbẹ ni agolo gbẹ. Ìmọ̀ yẹn kò gba ju bí èèyàn ṣe ń mu ife omi kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pààrọ̀ ibi tí imú kọ sí, kí ẹ má sì pààrọ̀ nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ kó sùn ní imú sísàlẹ̀, kó sùn ní imú sókè, kó sùn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀. Ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kan kò tó.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ níbí. Kíkọ imú sókè kì í ṣe oògùn. Nígbà tí tàǹkì bá wà lókè, epo fúnra rẹ̀ ló ń ti ara rẹ̀ wá sẹ́yìn láìsí pọ́ǹpù, níídù inú kábúrétọ̀ nìkan ló sì kù tó ń dá a dúró. Bí níídù náà bá ti jẹ, agolo á kún àkúnya, epo á ṣàn gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ́ńjìnnì, á sì sọ̀ kalẹ̀ bá ọ́ìlì. Lítà 2.5 péré ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, kò pẹ́ tí epo fi ń sọ ọ́ di omi lásán. Ẹ fa géèjì yọ láàárọ̀. Tí ọ́ìlì bá ga ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ, tó sì ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ má ṣe sítáàtì ọkọ̀ náà rárá. Ẹ da ọ́ìlì yẹn nù, kí ẹ kọ́kọ́ tún níídù ṣe. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ mọ́ lọ́ọ́lọ́ọ́, kò ní òórùn, èyí sì ni ẹ̀rí tó dá níídù kábúrétọ̀ láre.

## Ẹ má ṣe da epo sí i lẹ́nu

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ wa. Tí ọkọ̀ bá kọ̀, ẹnì kan á fi ìdérí ìgò bu epo, á dà á sí ọ̀fun kábúrétọ̀, á sì pariwo sí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ pé kó yí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń gbà lóòótọ́. Àmọ́ tí iná bá ta lásìkò tí kò yẹ, tàbí tí fáàfù kan kò bá dì dáadáa, ẹ́ńjìnnì á pọ iná padà gba ọ̀fun náà, ojú ẹni tó dúró tì í ni iná yẹn máa kọ́kọ́ bá, ìgò epo sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú Ìjàpá, ibi tí iná náà ti máa bẹ̀rẹ̀ há, rọ́bà epo sì wà ní tòsí. Mo ti rí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kan tó ṣe é. Ọmọ náà ò tíì tó ogún ọdún.

Tí ẹ bá fẹ́ kí epo dé inú agolo láìfìyà jẹ bátìrì, ọ̀nà kan wà tó dára. Ẹ rọra fi epo díẹ̀ kún agolo náà láti ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò yín. Ẹ nu gbogbo èyí tó bá ta síta. Ẹ dá ìdérí afẹ́fẹ́ padà sórí kábúrétọ̀. Ẹ gbé epo tó kù jìnnà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ jókòó sídìí ọkọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

## Ti ọ̀sán yàtọ̀

Ọ̀pọ̀ ló ń da kíkọ̀ òwúrọ̀ pọ̀ mọ́ kíkọ̀ ọ̀sán. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí Pańṣẹ́kẹ́ ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ pa á, ẹ ra ohun tí ẹ fẹ́ rà, ẹ padà dé, kò gbà. Níbẹ̀, epo ló sábà máa ń pọ̀ jù. Ooru ti sè é nínú agolo, ó sì ti kún dà sínú ọ̀fun. Ẹni tó bá ń tẹ tọ́rọ́tù léraléra nírú àkókò yẹn ń fi epo kún epo ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí dé ìsàlẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ yí kíìkì, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé gbá àṣejù epo náà jáde. Tó bá gbà, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ti òwúrọ̀ ọyẹ́ ní tirẹ̀ nílò ṣókù tó pa dáadáa, a sì ní láti tẹ tọ́rọ́tù lẹ́ẹ̀kan kí a tó yí i. Ọwọ́ tó gba ọkọ̀ là láàárọ̀ lè rì í lọ́sàn-án.

## Owó ìbéèrè

Ọkọ̀ tuntun ní kọ̀ǹpútà tó ń rántí. Mẹkáníìkì á so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọn, á sì sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ kò ní nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ín ló gbọ́dọ̀ rántí fún un, bí kò sì sí ẹni tó máa bi í ní ìbéèrè tó tọ́, ohun tó rántí kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí Bàbá Láfẹ́nwá lò lọ́jọ́ yẹn wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìbéèrè ni kò sí.

Mi ò fẹ́ fi èyí bú àwọn mẹkáníìkì ọ̀dọ́. Wọ́n ń sọ káàkiri pé wọn ò mọ ju kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ lọ, pé olè ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń sanwó fún wọn. Tí ọmọkùnrin kan bá pààrọ̀ kábúrétọ̀ fún yín, á gba wọ́kìmánṣíìpù rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jà. Tó bá jókòó tì yín fún ìdajì wákàtí, tó ń bi yín ní ibi tí ọkọ̀ sùn, iye epo tó wà nínú tàǹkì, àárọ̀ tàbí ọ̀sán, tó sì ní kí ẹ lọ pààrọ̀ ibi tí imú kọ sí kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èló lẹ máa fún un? Ọ̀pọ̀ wa máa kí i pé ó ṣeun, a ó sì wa ọkọ̀ wa lọ. Ọwọ́ tó dọ̀tí là ń sanwó fún. Ọmọ tí ebi ń pa á sì yára kọ́ ohun tí à ń sanwó fún. Àwọn àgbà ní alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n nínú ọgbà mẹkáníìkì wa, èrò kò ní iye owó, agbára nìkan ló ní.

Bàbá ò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fún wọn ní owó tí mo mọ̀ pé ó tó ti iṣẹ́ gidi, wọ́n ní kí ni wọ́n ṣe. Mo ní ẹ ti ṣe é tán, sà. Mo fẹ́ kí ọmọ wọn àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rí i tí mo ń san án. Wọ́n rí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ yìí níbi púpọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ládùúgbò wa ń kọ̀ láàárọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Wọ́n ti gbé e jáde kúrò nínú kànga, wọ́n ti fẹ́ ra òmíràn. Ìyá àgbàlagbà kan ló béèrè pé, ṣebí àárọ̀ ni gbogbo ilé ń lọ aṣọ, tí wọ́n ń se omi? Iná tó ń wọlé ló ń rẹ̀ nígbà náà, kò lè gbé ẹ̀rọ. Wọ́n sún àkókò ìfami sí ọ̀sán, owó ẹ̀rọ tuntun sì wà lápò. Ní ilé ìwòsàn náà, nọ́ọ̀sì tó dára kì í kọ́kọ́ béèrè oògùn tí ẹ ti lò. Á béèrè ìgbà tí ibà náà máa ń dé àti ohun tí ẹ ń ṣe kó tó dé. Ohun tó bá ń lọ tó ń bọ̀ ní ohun tó ń bá rìn. Kí ẹ tó ná owó lé e lórí, ẹ kọ́kọ́ wá ohun náà rí. Bí ó sì bá di pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ nǹkan, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tó pààrọ̀ mẹ́ta pọ̀ lè rí ìwòsàn kó má mọ èyí tó wò ó.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé àwọn tó mọ ìbéèrè wọ̀nyí ń dàgbà. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ìmọ̀ náà kò tíì parí síbi tí mo rò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Aṣérò àti Adátán mọ fílótì, wọ́n mọ níídù, wọ́n mọ jẹ́ẹ̀tì, nítorí kábúrétọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kékeré inú ilé wa ń lò. Ọ̀kan nínú wọn wo ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sì nawọ́ sí agolo epo láìsí ẹni tó fi hàn án. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ ní Abẹ́òkúta, tí kò rí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, kó lọ wo ìdí jẹnẹrétọ̀.

## Ohun tí a tún ṣe

Rọ́bà epo tó so mọ́ pọ́ǹpù ti sán lábẹ́ kílíìpù, níbi tí ojú kò lè rí àfi téèyàn bá tú u. Epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ohun tó sì ń ṣe fún rọ́bà àtijọ́ kò dára; ẹni tí kò bá tíì pààrọ̀ rọ́bà epo ọkọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà, kó pààrọ̀ ẹ̀ kó tó rà ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí a pààrọ̀ rọ́bà nìkan, kíkọ̀ náà dínkù, kò tán. A wá ṣí pọ́ǹpù. Fáàfù inú rẹ̀ kan ti le gbagidi, kò jókòó sí àyè rẹ̀ mọ́. A fi tuntun sí i, pẹ̀lú awọ rọ́bà tuntun. Ọkọ̀ náà ti ń sùn ní imú sísàlẹ̀ láti ìgbà náà, ó sì ń gbà.

Tí ẹ bá lọ ra pọ́ǹpù lọ́jà, ẹ máa rí oríṣi méjì. Èyí tó ti pẹ́ ní sìkúrúù yí orí rẹ̀ ká, ẹ lè tú u, kí ẹ pààrọ̀ ohun tó gbó nínú rẹ̀, kí ẹ sì dì í padà. Nínú àwọn tuntun, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti tẹ irin wọn pọ̀ yíká, kò ṣeé ṣí. Tí fáàfù kékeré kan bá kú nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di àkìtàn. Tí ẹ bá ní èyí tó ní sìkúrúù, kódà bó ti dọ̀tí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín gẹ́gẹ́ bí irin àlòkù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sí búùtù.